Inú Ẹnu Ni àbí Abẹ́ Àgbọ̀n?

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Fadilah fi gbé àgbọ̀n kan kiri tí gbogbo àdúgbò gbà pé kì í ṣe ti ilé bàbá rẹ̀. Àgbọ̀n náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Kò ní àpá, kò dí ẹnì kankan lọ́nà. Ká kúkú sọ pé kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀ ni: bí ètè ìsàlẹ̀ bá ti parí, ọrùn ló kàn. Ṣùgbọ́n àwọn ará Muṣin kò jẹ́ fi ohun tí kò sí sílẹ̀ láìjókòó sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Ambrose ló fa gbogbo rẹ̀. Akọ̀wé réluwé ni Ambrose, ó gba yàrá iwájú nínú ilé wọn nígbà tí Sàúdátù, ìyá Fadilah, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í bá èèyàn jà, kò sì ní àgbọ̀n. Ọdún tí wọ́n bí Fadilah gan-an ló kó jáde, torí pé wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Kàdúná. Ṣùgbọ́n ta ni irú àlàyé bẹ́ẹ̀ máa dùn mọ́ nínú? Àwọn ará ilé kó àgbọ̀n méjèèjì pọ̀, wọ́n ṣe ìṣirò, ìṣirò náà sì jáde gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ kó jáde. Láti ìgbà náà, bí Sàúdátù bá pọnmọ kọjá, wọ́n á kí i tẹ̀ríntẹ̀rín, "Ìyá Fadilah, ẹ kú iṣẹ́ o." Bó bá kọjá tán, wọ́n á wo ojú ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á wá wo ara wọn.

Ẹni tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù ni Ameenah, àbúrò bàbá Fadilah. Àǹtí Ìjọra ni gbogbo ilé ń pè é, torí ibẹ̀ ló ń gbé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀ wá kọ́ṣẹ́ l'Ékòó kí wọ́n tó bí i, ọjọ́ tó sì kọ́kọ́ fojú kàn án, irùngbọ̀n ti wà lójú ọkùnrin náà. Àǹtí Ìjọra kì í bú èèyàn, ẹ má ṣì í mú. Ó kàn máa ń béèrè ni. "Ìyá Fadilah, ṣé ẹ ṣì ń gbúròó Ambrose?" Bó bá ti béèrè tán, á bu ẹran kan sẹ́nu, á máa jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á máa retí èsì.

Bàbá ńkọ́? Àlájì Yẹ̀kínnì kì í dá sí i. Pánẹ́lì bítà ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì, ògbóǹtarìgì ni nídìí lílu irin mọ́tò tó bá tẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ lókìkí ju ṣọ́ọ̀bù náà lọ. Funfun báláú, ó gùn dé àyà, ó ń fi òróró pa á láràárọ̀. Àwọn tó ń jáde ní mọ́sálásí máa ń ní kí àwọn ọmọ wọn wo bí ẹlẹ́sìn ṣe ń rí. Bí ọ̀rọ̀ Ambrose bá délé, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á fọwọ́ ra irùngbọ̀n yẹn, á ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Ó máa sú wọn." Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé, kò tíì sú wọn. Ó tilẹ̀ ń gbádùn mọ́ wọn sí i.

Ọjọ́ tí Fadilah sọ pé ó tó ni ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ Muadh, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Lemọ́ọ̀mù ní kí gbogbo ọmọ Àlájì dìde kí òun ṣàdúà fún wọn. Muadh dìde. Fadilah dìde. Àǹtí Ìjọra wúkọ́. Ikọ́ ẹyọ kan péré ni, ṣùgbọ́n gbogbo yàrá gbọ́ ohun tí ikọ́ náà wí. Fadilah yíjú, ó rí ìyá rẹ̀ tó sorí kọ́, tó ń tún etí ìborùn rẹ̀ ṣe, ìborùn tí kò sí ohun tó ṣe é. Inú bí Fadilah débi pé kò lè ṣe àmín. Yìgì tirẹ̀ ku oṣù mẹ́ta. Ó mọ̀ pé lọ́jọ́ náà, lemọ́ọ̀mù á béèrè lójú gbogbo èèyàn pé bàbá ọmọ dà, Àǹtí Ìjọra á sì tún wúkọ́.

Àmínù tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ọmọ àdúgbò Àgùdà kan tó ń tún fìríìjì ṣe, ní àgbọ̀n rẹ̀ tẹ́ òun lọ́rùn. Ó ṣeun. Àmínù kọ́ ni wọ́n ń wúkọ́ mọ́. Fadilah, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Súrùlérè, mọ̀ dáadáa pé àgbọ̀n tuntun kò lè pa ọ̀rọ̀ àtijọ́ rẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ kí ìyá òun jókòó níbi yìgì ọmọ rẹ̀, kí àwọn èèyàn wo ojú ìyàwó, kí wọ́n má rí nǹkan kan níbẹ̀ tí wọ́n á fi ṣẹ́jú síra wọn. Nítorí náà ó pinnu láti lọ fi nǹkan kún àgbọ̀n rẹ̀.

Ó rò pé bàbá òun á fárígá. Ó ti to ọ̀rọ̀ tó máa fi bẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àlájì gbọ́, ó sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ta ló fẹ́ ṣe é?"

"Mi ò tíì mọ̀, sà. Dókítà méjì ni mo fẹ́ lọ bá."

"O ò dá lọ. Iṣẹ́ ara nìyẹn, bíi ti mọ́tò. Kò sí bí wọ́n ṣe ń fi iṣẹ́ ara tan èèyàn jẹ tí mi ò mọ̀."

Bó ṣe yára gbà bẹ́ẹ̀ ya Fadilah lẹ́nu, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Ó ní ẹ wo bàbá tó lajú.

Dókítà Habeeb ní Àgùdà ni wọ́n kọ́kọ́ lọ bá. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni Fadilah ti rí i. Ọkùnrin náà lẹ́wà ju gbogbo àwọn tó ń tún ṣe lọ, bóyá ìpolówó ọjà ni. Ọ́fíìsì rẹ̀ tutù débi pé eyín ń gbá ara wọn. Tẹlifíṣọ̀n ńlá kan wà lára ògiri tí àgbọ̀n ti ń hù: obìnrin kan á yọjú láìní àgbọ̀n, ẹ ṣẹ́jú báyìí, ó ti ní in, ó ti kun ètè, ó ti ń rẹ́rìn-ín sí yín.

"Inú ẹnu la máa gbà," ni Dókítà Habeeb wí. Ó fa ètè ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀ láti fi hàn wọ́n. "Ibí yìí, láàárín ètè àti eyín. A máa la ibẹ̀ díẹ̀, a máa ti silikóònù, rọ́bà rírọ̀ tó máa di àgbọ̀n, wọlé, a máa rán an. Kò sí àpá kankan níta. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, a ti parí. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, Àǹtí Fadilah á máa ya fọ́tò kiri."

Fadilah ti gbà á gbọ́. Kò sí àpá, kí lèèyàn tún ń wá? Ó fẹ́ béèrè ọjọ́ tí ó lè wá, ni bàbá rẹ̀ bá fi ọwọ́ tọ́ka sí tẹlifíṣọ̀n.

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo àwọn tí mò ń wò yìí, tuntun ni wọ́n. Èmi náà, bí mo bá gbé mọ́tò jáde lónìí, ẹ ò lè mọ̀ bóyá mo lu irin rẹ̀ ni, àbí mo kàn rọ pọ́tì dí ibi tó tẹ̀, tí mo kun ọ̀dà lé e. Ẹ jẹ́ kí òjò pa á kí oòrùn sì pa á fún ọdún méjì. Pọ́tì á jẹ́wọ́. Àwọn tí ẹ ṣe ní ọdún méjì sẹ́yìn dà?"

"Àwọn yẹn, Bàbá, wọ́n ti rìnrìn àjò. Ọ̀kan wà ní Dubai. Àwọn méjì wà ní Kánádà."

"Gbogbo wọn?"

"Púpọ̀ nínú wọn, sà."

Ó jọ pé bí èèyàn bá ti gba àgbọ̀n ní Àgùdà, físà ló kàn.

"Èyí tó bàjẹ́ lọ́wọ́ yín ńkọ́?"

"Tiwa kì í bàjẹ́, Bàbá."

"Bó bá yẹ̀ kúrò lójú ibi tí ẹ gbé e sí?"

"Kì í yẹ̀. Ara fúnra rẹ̀ ló máa dì í mú."

"Ẹ ò dè é mọ́ nǹkan kan? Ẹ ò fi sikúrú sí i?"

Dókítà Habeeb rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, èèyàn kì í ṣe mọ́tò o." Fadilah tijú. Àlájì dìde, ó dúpẹ́, ó gba ẹ̀bùn kàlẹ́ńdà tí wọ́n fún un. Ìgbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ló tó sọ̀rọ̀. "Ọmọkùnrin yẹn kò ba iṣẹ́ kankan jẹ́ rí. Kí ló ti wá ń ṣe níbẹ̀ látọjọ́ yìí?"

Yaba ni Dókítà Hilda wà, lókè ilé ìtajà bàtà kan. Kò sí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀. Fáànù kan ń yí lábẹ́ àjà, ó ń dún bí ẹni tó ní ẹjọ́ láti rò. Dókítà náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, gíláàsì méjì ló ní, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí, ó sì ń wá ẹ̀kẹta lórí tábìlì nígbà tí wọ́n wọlé. Kò sọ fún Fadilah pé arẹwà ni. Ó kàn di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó yí ojú rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, bí ẹni tó ń ṣa tòmátì. Ó fa etí rẹ̀ wò níbi tí wọ́n ti lu ú. Ó ní kó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó wo ojú abẹ́rẹ́ àjẹsára tó gbà nígbà ọmọdé.

"Mò ń wò bóyá àpá rẹ máa ń wú sókè," ni dókítà wí. "Àwa aláwọ̀ dúdú, ó ń yọ ọ̀pọ̀ wa lẹ́nu. Ká ní ó ń wú ni, inú ẹnu ni mà bá ní ká gbà. Tìrẹ kò wú. Abẹ́ àgbọ̀n ni màá gbà."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹni tí a kọ́kọ́ lọ bá ní tí wọ́n bá gba inú ẹnu, kò ní sí àpá."

"Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹnu dọ̀tí, ọmọ mi. Kì í ṣe tìrẹ nìkan, ti gbogbo wa ni. Nǹkan àjèjì tí mo bá gba ẹnu tì wọlé, kòkòrò lè bá a wọlé. Àwọn kan ń gba ibẹ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe. Abẹ́ ni ọwọ́ tèmi mọ́ sí. Màá rí egungun náà kedere, màá fi sikúrú kéékèèké méjì dè é mọ́lẹ̀, kò ní lọ síbì kankan. Àpá á wà níbẹ̀, kò ní ju ìdajì ìka rẹ tó kéré jù lọ. Bí o bá gbójú sókè, ẹni tó bá ń wá a á rí i. Mi ò ní purọ́ fún ọ."

Bó ṣe dárúkọ sikúrú, Àlájì jókòó dáadáa.

"Ṣé ó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ yín rí?" ló béèrè.

"Ó ti bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọ̀kan ṣọyún, mo yọ ọ́ jáde. Ọ̀kan tóbi jù, àṣìṣe tèmi ni, mo pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, títí dòní mi ò mọ ohun tó ṣe é."

Àlájì wo ọmọ rẹ̀, ó mi orí bí ẹni tó gbà. Ní Muṣin, oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá ka ìbàjẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ fún ẹ láìjẹ́ pé o na án, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kó o gbé mọ́tò rẹ sí.

Dókítà Hilda ń kọ nǹkan sínú ìwé. Láìgbójú sókè, ó ní, "Ta ló ni àgbọ̀n yìí nínú ẹbí yín?"

Ìbéèrè lásán ni. Bóyá ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ti bi í. Ṣùgbọ́n ara Fadilah gbóná, torí ìbéèrè yẹn náà ni gbogbo Muṣin ti ń bi ìyá rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kó tó lanu, bàbá rẹ̀ ti dáhùn.

"Kò sí. Kò sẹ́ni tó ni ín."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Àlájì wá béèrè ẹni tí wọ́n ṣe ní ọdún méjì sẹ́yìn, dókítà sì pe Saidat, ọmọbìnrin tó ń gba káàdì níta. Saidat wọlé pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀. "Ọdún mẹ́rin ni tèmi, Bàbá," ló wí. Ó ká híjáàbù náà díẹ̀, ó gbé orí sókè síhà fèrèsé. Fadilah rí ìlà tín-ínrín kan tí kò jẹ́ rí bí wọn ò bá fi hàn án.

Àlájì ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. "Ojú máa ń tàn mí," ló wí. "Nídìí iṣẹ́ wa, bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá irin ti dọ́gba, ńṣe ni mo máa ń dijú, màá fi àtẹ́lẹwọ́ rìn lórí rẹ̀. Ọwọ́ ni mo fi ń ríran." Ó ti na ọwọ́ kó tó rántí pé ọmọ ọlọ́mọ ni, ó sì fà á sẹ́yìn wéré. Kò sí irú ẹlẹ́sìn tó máa ti ọwọ́ bọ abẹ́ híjáàbù ọmọ ọlọ́mọ nítorí pé ó fẹ́ yẹ iṣẹ́ wò.

"Kò le," ni Dókítà Hilda wí. Ó ti ń wọ ìbọ̀wọ́. "Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín lára yín. Ara yín á sọ fún yín ibi tí ọ̀bẹ máa gbà. Ọmọ yín náà á rí i, torí kò sí bó ṣe máa rí abẹ́ àgbọ̀n ara rẹ̀. Ẹ gbé orí sókè."

Ìfẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ló gbé Àlájì lọ. Ó ti ríṣẹ́ tó dára, ó fẹ́ mọ̀ sí i, ó gbàgbé ara rẹ̀. Ó gbé orí sókè.

Ìka méjì wọnú irùngbọ̀n náà. Wọ́n ń lọ. Ó yẹ kí wọ́n ti kan egungun, wọn ò kàn án, wọ́n tún ń lọ. Dókítà dá ọwọ́ dúró. Ó padà sókè síbi ètè, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó dijú, gẹ́gẹ́ bí Àlájì ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ ní òun máa ń ṣe.

"Bàbá," ló wí, "ẹ̀yin lẹ ni ín."

Saidat rọra jáde.

"Mo béèrè, ẹ ní kò sẹ́ni tó ni ín. Tiyín tiẹ̀ fà sẹ́yìn ju tirẹ̀ lọ."

Fadilah dìde lórí àga. Ó ní, "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́," kò sì dúró gba àṣẹ. Ó ti ọwọ́ bọ inú irùngbọ̀n tí wọ́n ti ń yìn láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ibi tí ètè parí sí náà nìyẹn. Bí egungun náà ṣe rọra yà sí apá òsì náà nìyẹn. Àràárọ̀ ni Fadilah ń fọ àgbọ̀n yẹn lójú ara rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣì í mọ̀. Ó fa ọwọ́ jáde, òróró wà ní ìka rẹ̀, ó sì ń wò ó.

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá padà sí Muṣin, wọ́n kọjá Ojúẹlẹ́gba. Àlájì ló kọ́kọ́ lanu.

"Irùngbọ̀n, súnnà ni."

"Súnnà ni, sà. Irọ́ ńkọ́?"

Àlájì yíjú sí títì. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó ní nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́, "Ètè-kan-ọrùn" ni àwọn tí àwọn jọ ń kọ́ṣẹ́ ń pe òun, ọ̀gá òun náà ń pe òun bẹ́ẹ̀, àwọn oníbàárà gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọdún tí irùngbọ̀n òun kún, òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. "Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Ṣé o fẹ́ kí n fá a nítorí ẹnu àwọn ará ilé ni?"

"Ta ló ní kí ẹ fá a? Ẹ bá ti sọ ọ́ ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo." Nǹkan mìíràn wá yé Fadilah, ó sì dùn ún ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Ìdí tí ẹ fi tètè gbà nìyẹn. Mo rò pé ẹ lajú ni. Ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé e kúrò lójú mi kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ibi tó ti wá."

Àlájì gbé ọwọ́ lọ síbi irùngbọ̀n rẹ̀. Ó gbé e sọ̀kalẹ̀. Kò sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Sàúdátù ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé nígbà tí ọmọ rẹ̀ wọlé, tó jókòó tì í lórí àpótí.

"Màámi, ṣé ẹ mọ̀ pé Bàámi kò ní àgbọ̀n?"

Sàúdátù kò dáwọ́ ẹ̀wà ṣíṣà dúró. "Ọkùnrin tí mo ti ń sùn tì láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Báwo ni mi ò ṣe ní mọ̀?"

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ?"

"Ó bẹ̀ mí. O ò tíì ju ọmọ oṣù mẹ́ta lọ. Ó kúnlẹ̀ síbi tí o jókòó sí yẹn, ó ní kí n bo òun láṣìírí, ó ní ó máa sú wọn." Ó ju òkúta kékeré kan nù. "Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn ọkọ nìyẹn."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Lẹ́yìn náà, bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní àwáwí ni mò ń wá. Òun ló yẹ kó sọ ọ́. Mo ń retí pé lọ́jọ́ kan á dìde. Mo retí nígbà tí o wọ iléèwé. Mo retí nígbà tí o jáde. Nígbà tó yá, mo ní kí n kúkú máa ṣa ẹ̀wà mi."

Ẹkún gbọ̀n Fadilah, kò sì pa á mọ́ra. Ìyá rẹ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún lójú, ó padà sídìí ẹ̀wà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Fadilah lọ bá bàbá rẹ̀ ní pálọ̀. Ó ní òun ti pe Dókítà Hilda lórí fóònù. Òun á ṣe é, abẹ́ àgbọ̀n ni, torí ọwọ́ obìnrin náà wu òun, kì í sì í purọ́. Ṣùgbọ́n ó di ẹ̀yìn yìgì. "Àgbọ̀n yìí ni màá gbé lọ síbi yìgì mi, Bàámi, kí wọ́n wò ó dáadáa. Lọ́jọ́ Àìkú tí ẹbí bá pé, ẹ̀yin lẹ máa sọ ibi tó ti wá. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, màá ní kí lemọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí Kàdúná, kí Ambrose wá fi mí fún ọkọ."

Lọ́jọ́ Àìkú, pálọ̀ kún. Muadh wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, àwọn àgbà ilé méjì, àti àwọn ayálégbé tí kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Ètò yìgì ni wọ́n ní àwọn wá ṣe. Àǹtí Ìjọra jókòó sórí àga tó tóbi jù, òrùka kún ọwọ́ rẹ̀.

"Mo gbọ́ pé Fadilah fẹ́ lọ gba àgbọ̀n tuntun," ló wí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ yìí, a ò kúkú mọ ẹni tó yá a." Ó wo Sàúdátù, ó wúkọ́.

Fadilah kò wo àǹtí rẹ̀, bàbá rẹ̀ ló ń wò. Ọwọ́ Àlájì ti ń lọ síbi irùngbọ̀n, ẹ̀rín músẹ́ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti ń bọ̀ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín náà kò dé. Ó gbé ọwọ́ kalẹ̀ lórí itan rẹ̀.

"Ameenah, wá síbí."

"Ẹ̀gbọ́n?"

"Mo ní wá. Mú ọwọ́ rẹ wá."

Àǹtí Ìjọra wá, ó rò pé wọ́n fẹ́ fún òun ní nǹkan. Àlájì di ọwọ́ rẹ̀ mú tòun tòrùka, ó tì í bọ inú irùngbọ̀n rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. "Wá egungun níbẹ̀. Máa lọ. Ṣé o ti kàn án?"

"Ẹ̀gbọ́n, kí lèyí?"

"Àgbọ̀n Ambrose ni. Ọ̀dọ̀ mi ló ti wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi."

Ẹnì kan láàárín àwọn ayálégbé ní, "Lá ìláhà." Àǹtí Ìjọra fa ọwọ́ yọ, òrùka kan gbé irun funfun méjì jáde. Ó lanu bí ẹni tó fẹ́ wúkọ́. Ikọ́ náà kò jáde.

"Ojú ló ń tì mí," ni Àlájì wí. Kò wo ẹnikẹ́ni. "Ojú àgbọ̀n ń tì mí, mo wá jẹ́ kí ẹ máa fi ìyàwó mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mò ń gbọ́ ọ. Gbogbo ìgbà ni mò ń gbọ́ ọ. Ìyá Fadilah, má bínú."

Sàúdátù kò ní òun ò bínú. Ó dìde, ó wọlé. Gbogbo wọn ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìkòkò, tó ń bu oúnjẹ. Ó kọ́kọ́ gbé abọ́ omi kan jáde pẹ̀lú ọṣẹ àti tówẹ́ẹ̀lì, ó kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ fún àbúrò ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ó gbé e sí iwájú Àǹtí Ìjọra.

"Àǹtí mi, ẹ fọwọ́ yín dáadáa kí ẹ tó jẹun."

Àǹtí Ìjọra fọwọ́. Ó pẹ́ nídìí rẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, Sàúdátù kò da omi náà nù. Ó gbé e lọ síwájú ọkọ rẹ̀, kò sì kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

"Ó kàn yín, Bàbá Fadilah."